Ọ̀dà tó ń mú ọkọ̀ dán: Èyí tó le jù ló lè pa ẹ̀dọ̀fóró lára jù

Ẹni tó bá kun bọ́ńpà ọkọ̀ rẹ̀ lónìí kò ní fẹ́ kí ọ̀dà náà bó kí ọdún tó yípo. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ fi máa ń fọ́n ọ̀dà dídán kan tí kò ní àwọ̀ lé orí àwọ̀ tí wọ́n bá kọ́kọ́ kùn. Kílíà ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń mú kí ara ọkọ̀ dán gbinrin, òun náà ló sì ń gba ìyà oòrùn, òjò, iyanrìn àti epo kí wọ́n má baà kan àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Kílíà wà nínú agolo tí ènìyàn lè rà, kó gbọ̀n, kó sì fọ́n fúnra rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ kankan. Àmọ́ ṣá, àwọn onímọ̀ ìlera ń kìlọ̀ pé kì í ṣe bí yóò ṣe pẹ́ tó nìkan ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á gbé yẹ̀wò. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tó ń pẹ́ jù lọ ni kẹ́míkà kan wà tó lè sọ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá di ẹni tí kò lè mí délẹ̀ mọ́.

Oríṣi méjì ló wà

Oríṣi àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń kọ 1K sí lára agolo rẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n ti fi tínà pò ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fọ́n ọn tán, tínà á fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, ọ̀dà á sì gbẹ. Ó rọrùn láti lò, owó rẹ̀ kì í sábà pọ̀ tó ti ìkejì, bí ó bá sì ṣẹ́ kù, ènìyàn lè tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Àbùkù rẹ̀ ni pé ohun tí tínà pò, tínà lè tú u. Bí epo bẹntiróòlù tàbí omi bíréékì bá dà sí i, ó lè rọ̀ kó sì bó. Oòrùn pẹ̀lú máa ń tètè mú un ṣá.

Oríṣi kejì ni 2K. Ohun méjì ló wà nínú agolo rẹ̀, wọ́n sì ya wọ́n sọ́tọ̀: ọ̀dà fúnra rẹ̀, àti hádínà tó wà nínú agolo kékeré kan nínú lọ́hùn-ún. Bí ẹni tó fẹ́ lò ó bá tẹ bọ́tìnnì tó wà ní ìdí agolo, hádínà á tú sínú ọ̀dà, yóò sì gbọn agolo náà fún bí ìṣẹ́jú 2. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ra wọn, wọn kò sì ṣeé yà mọ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ irú agolo bẹ́ẹ̀ kì í wúlò mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gan mọ́ ara ọkọ̀ tán, epo kì í tètè tú u, oòrùn kì í sì í tètè mú un ṣá.

Ó yẹ kí oníbàárà ṣọ́ra fún ohun kan. Àwọn agolo kan wà tí wọ́n kọ «urethane» sí lára, tí wọn kò sì ní hádínà nínú rárá. 1K ni wọ́n ń jẹ́ síbẹ̀. Bí kò bá sí bọ́tìnnì ní ìdí agolo, tí kò sì sí hádínà tí wọ́n ń tú pọ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe 2K.

Èwo ló yẹ fún ibo?

Ibi tí ẹ̀yà ọkọ̀ náà wà ló yẹ kó pinnu. Fún ohun tí kì í rí oòrùn tàbí epo, bí àwọn ẹ̀yà inú ọkọ̀, 1K tó. Fún rímù, bọ́ńpà, ẹnu ibi tí wọ́n ti ń rọ epo sí ọkọ̀ àti iná iwájú tí wọ́n ti fi sanpépà họ, 2K ló máa ń pẹ́ jù. Ní ti àwọn ohun tó ń gbóná gidigidi, bí ara ẹ́ńjìnnì àti bíréékì, kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tó yẹ bí kò bá jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sí lára agolo pé ó lè gba ooru.

Bí ó ti wù kí ọ̀dà dára tó, kò ní pẹ́ lórí ìdọ̀tí. Ó yẹ kí wọ́n fọ ibẹ̀, kí wọ́n nu ọ̀rá kúrò, kí wọ́n fi sanpépà kíkúnná họ ọ́, kí wọ́n sì fọ́n ọ̀dà náà ní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó máa ṣàn. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ tutù fún òjò kò dára fún un, nítorí pé ọ̀rinrin lè mú kí ọ̀dà funfun bí ẹni pé èéfín bò ó. Eruku ọyẹ́ náà máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tí kò tíì gbẹ.

Kí ló wà nínú hádínà?

Isocyanate ni orúkọ kẹ́míkà tó wà nínú ọ̀pọ̀ hádínà ọ̀dà ọkọ̀. Bí wọ́n bá ń fọ́n ọn, yóò di ìrì wínníwínní tí ènìyàn ń fà símú. Ó wà lára àwọn ohun tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú èyí tó ń fa ikọ́-fée fún àwọn òṣìṣẹ́ lágbàáyé.

Ní ọdún 1996, NIOSH, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbé ìkìlọ̀ jáde pé ó lè fa ikọ́-fée àti ikú. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ti sọ ọ́ di dandan pé kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ kó tó lo ohun tí kẹ́míkà yìí bá pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ.

Ohun tó mú kó burú ni pé kì í kìlọ̀. Ó lè ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ dé ìwọ̀n tó léwu kí imú tó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìrì náà a sì máa wà nínú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn tí ojú kò bá rí i mọ́. Ẹlòmíràn lè lò ó fún oṣù tàbí ọdún láìsí ohun tó ṣe é. Àmọ́ bí ara bá ti kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, ìwọ̀nba díẹ̀ báyìí á máa fún un láyà pa. Ọ̀pọ̀ ẹni tí èyí ṣẹlẹ̀ sí ni kò lè ṣe iṣẹ́ ọ̀dà mọ́, kódà bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ tó. Àwọn onímọ̀ sọ pé bí ó bá kan awọ ara pẹ̀lú, ó lè dá irú wàhálà yìí sílẹ̀.

Bí ènìyàn ṣe lè dáàbò bo ara rẹ̀

Aṣọ tí wọ́n fi di imú, tàbí ìbòmú tí wọ́n ń lò fún eruku, kò lè dá isocyanate dúró. Ìbòmú tí wọ́n ń fi rọ́bà fa afẹ́fẹ́ mímọ́ wọ̀ láti ibòmíràn ni wọ́n là sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi 2K ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, awò ojú àti aṣọ tó bo gbogbo ara.

Ẹni tí kò bá ní irú ìbòmú bẹ́ẹ̀, ó sàn kó ra 1K, tàbí kó gbé ẹ̀yà ọkọ̀ náà lọ fún oníṣẹ́ tó ní irinṣẹ́ àti yàrá tí wọ́n ṣe fún un. Àwọn 2K kan wà tí kò ní isocyanate, ṣùgbọ́n kí ènìyàn kà á lára agolo kó tó gbà bẹ́ẹ̀.

1K náà kì í ṣe ohun ìfiṣeré. Tínà inú rẹ̀ lè fa orí fífọ́ àti òòyì, afẹ́fẹ́ tó ń tì í jáde sì lè gbiná. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti lò ó, jìnnà sí iná, aboyún àti àwọn ọmọdé. Ó yẹ kí ọ̀gá iṣẹ́ má ṣe jẹ́ kí ọmọṣẹ́ sùn sínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti fọ́n ọ̀dà.

Ìgbà wo ló yẹ kí ènìyàn lọ rí dókítà?

Àwọn àmì rẹ̀ ni ikọ́, àyà tó ń fún pọ̀, èémí tó ń dún bíi fèrè àti ojú tó ń ta. Ó lè má bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà mìíràn, ó di alẹ́ tàbí òru kó tó dé, èyí tí ọ̀pọ̀ fi ń rò pé òtútù ló mú àwọn. Bí àmì náà bá ń lọ sílẹ̀ nígbà ìsinmi, tó sì ń padà dé bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ náà ló ń fà á.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún dókítà láìdúró kí wọ́n bi í, bó bá sì ṣeé ṣe, kó mú agolo ọ̀dà tó òfìfo náà dání. Bí ó bá ti tètè kúrò nídìí kẹ́míkà náà sí, bẹ́ẹ̀ ni ìrètí pọ̀ sí i pé èémí rẹ̀ yóò padà bọ̀ sípò.