Ilé Ìṣọ́ Tí Wọ́n Bẹ̀rẹ̀ Láti Orí

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù kọjá, ẹ ó ti rí ilé ìṣọ́ gíga kan tó dúró lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Mítà 87 ló ga. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń darí bàálù ń jókòó sí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láì ti pápákọ̀ pa.

Wọ́n ń kọ́ Terminal 5 nígbà náà, wọ́n sì nílò ibi tó ga ju ti àtijọ́ lọ kí ojú lè tó gbogbo pápá. Ṣùgbọ́n kirénì gíga lè dí bàálù lọ́nà, ó sì lè da rédà rú. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ orí ilé náà síbòmíràn. Lóru ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù ńlá gbé e gba orí pápá kọjá. Ó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 900!

Ṣé ẹ mọ bí àwọn tó ń lẹ táyà ṣe ń fi jáàkì gbé mọ́tò? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Jáàkì ńlá á gbé orí yẹn sókè, wọ́n á ti ọ̀pá irin oní-mítà 12 sábẹ́ ẹ̀, wọ́n á dè é pọ̀, wọ́n á tún gbé e.

Ti àtijọ́ ò sì fiṣẹ́ sílẹ̀ títí tuntun fi gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dún 2007. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà: ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀mí èèyàn kì í kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí arọ́pò rẹ̀ tó dé.