Kí ni Google gbé pamọ́ sínú bájì? Àwámáàrídìí tó da ìlú San Francisco rú

Bí nǹkan kan bá wà tó ti sú àwọn ará San Francisco ní Amẹ́ríkà láti máa wò, ọkọ̀ ojú omi ni. Ọkọ̀ akẹ́rù ń wọlé, ọkọ̀ èrò ń jáde, kò sẹ́ni tó ń yí ọrùn wò wọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n rí ní etíkun erékùṣù Treasure Island lóṣù kẹwàá, ọdún 2013, kọjá ohun tí èèyàn ń wò lẹ́ẹ̀kan kó sì máa bá tiẹ̀ lọ. Bájì ńlá kan ni, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 250. Wọ́n to kọ̀ǹténà jọ lé e lórí títí tó fi di ilé alájà mẹ́rin, wọ́n sì fi aṣọ bò ó yíká. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dúró tì í, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn.

Ta ló ni ín? Kí ló wà nínú rẹ̀? Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi gba ẹnu gbogbo èèyàn kan.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù náà ni oníròyìn CNET kan kọ́kọ́ tú u síta pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Google ló wà nídìí ẹ̀. Ẹni tó háyà ilé ràgàjì tó wà létí omi níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Hangar 3, ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ By and Large. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ló forúkọ bájì mẹ́rin sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Àwọn tó wo fíìmù WALL-E tó jáde lọ́dún 2008 rẹ́rìn-ín, nítorí Buy n Large ni orúkọ ilé-iṣẹ́ tó gba gbogbo ayé lọ́wọ́ aráyé nínú fíìmù náà. Àwọn nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára àwọn bájì náà tún wá bu iyọ̀ sí i: BAL 0001, BAL 0010, BAL 0011 àti BAL 0100. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin nìyẹn. Àwọn tó fẹ́ fara pamọ́ ni o, àmọ́ wọn kò lè ṣe kí wọ́n má dápàárá.

Kí wọ́n tó mí, ìròyìn tún dé pé irú bájì bẹ́ẹ̀ kan wà ní èbúté Portland, ní ìpínlẹ̀ Maine, tó jẹ́ ìkángun kejì Amẹ́ríkà. Ohun tó tún wá jẹ́ kí àyà àwọn èèyàn já ni pé wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ Coast Guard, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú omi ìjọba, tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní í sọ ohun tí òun bá rí. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí aráàlú ń sanwó oṣù fún, tó wá di ẹni tí ilé-iṣẹ́ aládàáni ń dì lẹ́nu! Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ẹ̀fẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn.

Àwọn kan ní ibi tí Google fẹ́ kó kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì sí ni. Irọ́ kọ́ ni wọ́n kàn pa, nítorí lọ́dún 2009, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwé kan fún Google pé òun ló ni èrò láti kó irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ sórí omi. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná gan-an, iná tó sì ń jẹ kì í ṣe kékeré. Èrò wọn ni pé ìgbì òkun yóò máa fún un níná, omi òkun yóò sì máa tù ú lára. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n KPIX ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀bù olówó ńlá ni, níbi tí wọ́n yóò ti máa pàtẹ awò ojú oníkọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Google Glass, tí wọ́n ń ta ní 1,500 dọ́là nígbà náà, àti pé ibi tí wọ́n ti máa ṣe fàájì wà lókè rẹ̀. Ẹni tí kò gba èyí gbọ́ tún ń sọ tiẹ̀.

Bí àwọn ará ibẹ̀ bá ń fura, ẹjọ́ wọn kọ́. Omi yìí kan náà ni wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ rí. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, ní Redwood City tó wà létí omi yẹn, ilé-iṣẹ́ Lockheed kan ọkọ̀ ogun kan báyìí tí ẹ̀rọ rédà kò ní lè tètè rí. Sea Shadow ni wọ́n pè é. Dúdú ni, ó rí ṣóńṣó bí òrùlé ilé tí wọ́n gbé sórí omi, ẹsẹ̀ méjì ló sì fi dúró lábẹ́ omi. Inú bájì mìíràn tó ní òrùlé ni wọ́n ti kàn án kí ojú má bàa rí i. Bájì yẹn náà kì í ṣe aláìmọ̀kan, nítorí iṣẹ́ àṣírí àwọn ọtẹlẹ̀múyẹ́ CIA, tí wọ́n fi gbé ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Rọ́ṣíà jáde nísàlẹ̀ òkun lọ́dún 1974, ni wọ́n tìtorí ẹ̀ kàn án. Òru ni wọ́n ń gbé Sea Shadow jáde láti dán an wò. Ọdún 1993 ni aráyé tó mọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n wá ẹni tí yóò gbà á sí mùsíọ́ọ̀mù tì, wọ́n sì tà á lọ́dún 2012 fún ẹni tí yóò rún un wómúwómú.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá, ọdún 2013, Google là á. Wọ́n fi gbogbo àhesọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kì í ṣe ilé kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ọkọ̀ àríyá, wọ́n ṣì ń wò ó bóyá àwọn lè fi ṣe ibi tí aráàlú ti máa kọ́ nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun ni. Ìwé tí àwọn oníròyìn San Francisco Chronicle rí gbà fi hàn pé èèyàn 1,000 ni wọ́n ń retí lójúmọ́, pé bájì náà yóò máa lọ láti èbúté kan sí èkejì, àti pé wọ́n fẹ́ ta ìgbòkun tó dà bí lẹbẹ ẹja sí i lára.

Àmọ́ wọ́n gbàgbé ẹnìkan. Láti ọdún 1965 ni òfin ti gbé àjọ kan dìde ní California láti máa ṣọ́ omi náà, nítorí pé àwọn èèyàn ti ń da yẹ̀pẹ̀ dí i bí ẹni pé kò lólúwa. Kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ kọ́ sórí omi yẹn tí kì í gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ wọn. Bájì Google kò ní. Lóṣù kejì, ọdún 2014, àjọ náà ní kí wọ́n gbé e kúrò ní Treasure Island. Oṣù kẹta ni wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn fà á lọ sí Stockton. Gbogbo ọlá Google kò lè fi ìwé kan ṣoṣo yẹn rọ́pò.

Ìgbà tí gbogbo ariwo ti rọlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó burú jù tó jáde. Lóṣù kọkànlá, ọdún 2014, ìwé ìròyìn Wall Street Journal gbé e jáde pé láti oṣù kẹta ọdún 2013, kí ẹnikẹ́ni níta tó mọ̀ pé bájì wà, ni Coast Guard ti kọ̀wé sí Google pé ẹ̀rù iná ń ba àwọn. Èèyàn tó tó 1,200 ni wọ́n fẹ́ kó sórí rẹ̀, epo tó lé ní 5,000 gálọ́ọ̀nù yóò wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn nǹkan tí iná lè tètè ràn pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n tún bínú pé iṣẹ́ ti lọ jìnnà kí àwọn tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ti rí ibi tí iná ti mú ọkọ̀ lójú agbami, tí kò sí ọ̀nà àbáyọ, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti àwàdà. Ohun tí àwọn ará San Francisco ń méfò lé lórí, tí wọ́n ń fi pa ara wọn lẹ́rìn-ín, ìwé ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀ lórí rẹ̀ tipẹ́, àwọn tó sì rí i ti tọwọ́ bọ̀wé láti dákẹ́.

Ibi àfihàn náà kò ṣí rárá. Bájì ti Portland ni wọ́n kọ́kọ́ tà, lọ́dún 2014, wọ́n sì fà á lọ sí South Portland, níbi tí wọ́n ti já àwọn kọ̀ǹténà orí rẹ̀ sílẹ̀.