Ìròyìn Omi Tí A Fi Pamọ́

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá bu omi fún ọmọ yín láti mu, kí ni ẹ máa ń wò? A máa ń wò ó bóyá ó mọ́ gaara. Bí kò bá dàrú, tí kò rùn, tí kò sì sí ìdọ̀tí nínú rẹ̀, ọkàn wa a balẹ̀, ọmọ a sì gbé e mu. Ṣùgbọ́n omi tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín yìí mọ́ gaara. Láti ẹnu ẹ̀rọ ni ó ti ń jáde, ní ìlú kan tí ohun gbogbo wà létòlétò, ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń sáré lọ gbé. Síbẹ̀, ènìyàn méje ni ó kú, nǹkan bí 2,300 ni ó sì ṣàìsàn, nínú ìlú tí gbogbo olùgbé rẹ̀ kò tó 5,000.

Walkerton ni orúkọ ìlú náà, ní ìpínlẹ̀ Ontario, ní ilẹ̀ Kánádà. Odò Saugeen ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá, àwọn àgbẹ̀ ọlọ́sìn màlúù sì pọ̀ ní àyíká rẹ̀. Inú kànga ni ilé-iṣẹ́ omi ìlú náà ti ń fa omi tí ó ń pín sí ilé gbogbo. Ọ̀kan nínú àwọn kànga wọ̀nyí, èyí tí wọ́n ń pè ní Kànga Karùn-ún, ni a gbẹ́ ní ọdún 1978. Kò jìn rárá. Ibi tí kò tó mítà mẹ́jọ sísàlẹ̀ ni omi rẹ̀ ti ń sun wá, oko màlúù sì wà nítòsí. Ẹni tí ó bá ti rí kànga tí a gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá rí yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ.

Láti ọjọ́ 8 títí di ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2000, òjò ńlá rọ̀ ní agbègbè náà. Àgbẹ̀ tí ó ni oko náà ti da ìgbẹ́ màlúù sí ilẹ̀ rẹ̀ kí òjò tó dé, bí àwọn àgbẹ̀ ti máa ń ṣe kí ohun ọ̀gbìn lè dára. (Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn bàbá náà, adájọ́ tí ó wádìí ọ̀ràn náà sọ bẹ́ẹ̀ gbangba.) Òjò gbé kòkòrò àìfojúrí kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní E. coli O157:H7 láti inú ìgbẹ́ náà wọ ilẹ̀, láti inú ilẹ̀ ó wọ inú kànga.

Kílóríìnì, òògùn apakòkòrò tí a ń dà sínú omi ẹ̀rọ, ni ó yẹ kí ó pa kòkòrò náà. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi náà kò ti fi òògùn náà sínú omi tó bí ó ti yẹ. Àwọn ará ìlú ń ráhùn pé adùn rẹ̀ kò dára lẹ́nu. Ojoojúmọ́ ni ó yẹ kí wọ́n wọn ìwọ̀n òògùn tí ó kù nínú omi. Wọn kì í wọ̀n ọ́n. Wọ́n kàn ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé ni: 0.5 lónìí, 0.75 lọ́la. Nígbà mìíràn, bí wọ́n bá mú omi fún àyẹ̀wò, ibi tí wọ́n kọ sára ìgò kọ́ ni ibi tí wọ́n ti bu ú.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀tá ìlú ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Stan Koebel, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà láti ọdún 1988, àti Frank arákùnrin rẹ̀ tí ó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́, ọmọ ìlú náà ni wọ́n, bàbá wọn sì ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú wọn. Àwọn fúnra wọn a máa mu omi kànga náà láìsí òògùn kankan nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbàgbọ́ ni pé omi tí àwọn ti ń mu láti kékeré kò lè pa ẹnikẹ́ni. Kò ha sí irú wọn láàrin wa bí? Mélòó nínú wa ni kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ nípa kànga ilé bàbá rẹ̀?

ÌWÉ DÉ, Ó DÚRÓ

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 15 oṣù náà, wọ́n bu omi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Ní ọjọ́ 17, tí í ṣe Ọjọ́rú, àbájáde jáde. Ilé àyẹ̀wò náà pe Stan Koebel lórí tẹlifóònù, wọ́n sì fi ìwé ránṣẹ́ sí i lórí ẹ̀rọ fáàsì pé kòkòrò inú ìgbẹ́ wà nínú omi ìlú.

Níhìn-ín ni kí ẹ fara balẹ̀ bá wa lọ, nítorí ibí gan-an ni ọ̀ràn náà wà. Ilé àyẹ̀wò náà kò sọ fún ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó àyíká. Kò sọ fún ilé-iṣẹ́ ìlera agbègbè náà. Ẹni tí ó gbé omi wá ni ó dá èsì lóhùn, ó sì ka àbájáde náà sí ọ̀rọ̀ àṣírí láàrin òun àti oníbàárà rẹ̀. Òfin kankan kò sì sọ pé kí ó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo ni ó ṣe rí bẹ́ẹ̀? Títí di ọdún 1996, ilé àyẹ̀wò ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó ń yẹ omi àwọn ìlú wò. Ní ọdún náà, nítorí àti dín owó tí ìjọba ń ná kù, wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀, wọ́n ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan lọ wá ilé àyẹ̀wò aládàáni. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún aládàáni, ṣùgbọ́n wọn kò gbé ojúṣe àti kígbe sí àwọn aláṣẹ fún un pẹ̀lú. Ilé àyẹ̀wò tí Walkerton kọ́kọ́ ń lò a máa fi àbájáde burúkú ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ àyíká. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 yẹn pàápàá, ilé-iṣẹ́ náà kò sì tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà bí ó ti yẹ, kò sì sọ fún àwọn elétò ìlera. Nígbà tí ó di ìparí oṣù kẹrin, ilé àyẹ̀wò náà jáwọ́ nínú yíyẹ omi wò. Èyí tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní irú àṣà bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Ilé-iṣẹ́ omi ní ìwé lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ àyíká ní àkọsílẹ̀ tí ó ti pẹ́ pé Kànga Karùn-ún kò jìn, pé omi orí ilẹ̀ lè wọ inú rẹ̀. Ilé ìwòsàn yóò ní àwọn aláìsàn láìpẹ́. Kò sí ẹni tí ó mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sójú kan.

Ní ọjọ́ 18, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ní ọjọ́ 19, tí í ṣe ọjọ́ Ẹtì, dókítà àwọn ọmọdé kan ní ìlú Owen Sound rí méjì nínú wọn, ara fu ú, ó sì pe ilé-iṣẹ́ ìlera agbègbè náà. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: dókítà yìí mú ohun tí ó mọ̀ lọ fún ilé-iṣẹ́ mìíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

Ilé-iṣẹ́ ìlera pe ilé-iṣẹ́ omi. Ṣé kò sí ohun tí ó ṣe omi ìlú? Stan Koebel dá wọn lóhùn pé omi náà dára. Ó ti di ọjọ́ méjì tí ìwé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da òògùn púpọ̀ sínú omi láìsọ fún ẹnìkan, bóyá pẹ̀lú ìrètí pé ọ̀ràn náà yóò kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì wọ́n tún pè é, ó tún sọ pé kò sí nǹkan kan. Ní ọjọ́ náà gan-an, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ omi náà, tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sinmi, pe ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ àyíká láìdárúkọ ara rẹ̀, ó sì tú ọ̀rọ̀ náà síta pé àyẹ̀wò omi kò dára.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 21, ní aago kan ààbọ̀, àwọn elétò ìlera kò dúró mọ́. Wọn kò ní àbájáde kankan lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tí a sọ fún wọn sì ni pé omi dára. Síbẹ̀ wọ́n kéde lórí rédíò pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu omi ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sè é kí ó hó. Àwọn pẹ̀lú bu omi tiwọn lọ fún àyẹ̀wò. Ní ọjọ́ 23 ni èsì dé pé kòkòrò wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ìgbà yẹn ni Stan Koebel sì tó jẹ́wọ́ pé òun ti gba ìwé kan.

Ìdajì àwọn ará ìlú péré ni ó gbọ́ ìkéde ọjọ́ Ìsinmi náà. Ẹ gbà wá láyè kí a sọ èyí: bí ó bá jẹ́ ní ìlú tiwa ni, alágogo ì bá ti lù ú dé ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn ì bá sì ti kéde rẹ̀ nínú ìsìn ìrọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ 22 ni ẹni àkọ́kọ́ kú. Nínú àwọn tí ó ṣàìsàn, ènìyàn 27 ni kòkòrò náà ba kíndìnrín wọn jẹ́, ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Adájọ́ Dennis O'Connor, tí ìjọba yàn láti wádìí ọ̀ràn náà, sọ nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 2002 pé bí Stan Koebel bá ti sọ òtítọ́ ní ọjọ́ 19 nígbà tí wọ́n bi í, ènìyàn 300 sí 400 ni kì bá tí ṣàìsàn rárá. Kò fi ẹ̀bi náà sí orí ènìyàn méjì nìkan, ó bá ìjọba náà wí. Ó ní bí a bá ti fi ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ìwọ̀n òògùn fúnra rẹ̀ sí Kànga Karùn-ún, àjàkálẹ̀ náà kì bá tí ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2004, ilé ẹjọ́ rán Stan sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, wọ́n sì fi òfin dá Frank dúró sínú ilé rẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án.

OHUN TÍ WỌ́N TÚN ṢE

Ohun tí ó mú kí a kọ ìtàn yìí ju ti ẹ̀wọ̀n lọ. Àwọn ará Ontario tún ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà rìn ṣe. Òfin omi mímu tí wọ́n ṣe ní ọdún 2002 mú un ní dandan pé bí ilé àyẹ̀wò bá rí ohun búburú nínú omi, lójú ẹsẹ̀ ni kí ó sọ fún olórí oníṣègùn agbègbè, kí ó sì sọ fún ilé-iṣẹ́ àyíká. Ẹni tí ó ni omi pẹ̀lú gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn kan náà. Ẹnu ni a gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́, fún ènìyàn tí ó ń dáhùn, kì í ṣe ìwé tí a fi sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ; ìwé yóò tẹ̀ lé e láàrin wákàtí 24. Ẹ rí i pé ọ̀nà méjì ni ìròyìn kan náà ń gbà dé. Bí ẹnìkan bá fi tirẹ̀ pamọ́, ti ẹnìkejì yóò ti dé.

Èkejì ni ti odò. Ìgbẹ́ màlúù kò mọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Ibi tí òjò bá ṣàn gbà ni ó ń gbà. Láti ọdún 1946 ni Ontario ti ní òfin tí ó fi àyè sílẹ̀ fún àwọn àjọ tí a kò pín gẹ́gẹ́ bí ìlú, bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí odò: gbogbo ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn wọ inú odò kan wà lábẹ́ àjọ kan. Láti ọdún 1964, ìjọba ti ní ètò kan tí àwọn àjọ wọ̀nyí fi ń bá a bu omi láti inú odò, tí ilé àyẹ̀wò ìjọba ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn Walkerton, òfin ọdún 2006 kó àwọn agbègbè odò wọ̀nyí sí ọ̀nà 19 fún ààbò orísun omi mímu. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n mú àwọn ìjọba ìlú, àwọn àgbẹ̀, àwọn oníléeṣẹ́ àti àwọn ará ìlú jókòó sí tábìlì kan, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ tí ó fi kànga kọ̀ọ̀kan hàn àti ibi tí omi rẹ̀ ti ń wá. Iṣẹ́ náà gba ọ̀pọ̀ ọdún, àríyànjiyàn sì pọ̀ nínú rẹ̀, pàápàá láàrin àwọn àgbẹ̀ tí ó rò pé àwọn ni a fẹ́ dá lẹ́bi. Ní Walkerton fúnra rẹ̀, ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún 2000 ni wọ́n tó sọ fún àwọn ará ìlú pé wọ́n lè mu omi ẹ̀rọ láìsè é. Ó lé ní oṣù mẹ́fà.

Bí a ti ń ka gbogbo èyí, odò Ògùn ni ó ń wá sí wa lọ́kàn. Láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó ti ń bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì ń lọ sí ọ̀sà Èkó. Ìsédò Ọ̀yán, tí a ṣí ní ọdún 1983 lórí odò tí ó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, wà lábẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀. Ilé-iṣẹ́ omi Abẹ́òkúta jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní Akute, tí ó wà nínú ìpínlẹ̀ Ògùn bákan náà, ni Èkó ti ń fa omi tí ó ń tọ́jú ní Ìjú. Ìjọba mẹ́ta, omi kan. Bí òṣìṣẹ́ kan ní Abẹ́òkúta bá rí ohun burúkú nínú ìgò àyẹ̀wò rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nọ́ńbà tẹlifóònù ta ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìjú?