Ta ló lu ìdí kóńgò yìí wọnú? Ẹjọ́ Ànábì Ṣuaibu pẹ̀lú àwa ará ọjà

Ẹ̀yin ìyá mi tí ẹ ń pàtẹ l'Ọjà'ba, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bẹẹrẹ àti ní ìsàlẹ̀ Màpó, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ Bẹyẹrunka, ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tòní kò ní dùn mọ́ gbogbo wa nínú. Èmi gan-an tí mò ń kọ ọ́, ó korò lẹ́nu mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kóńgò ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé kóńgò yín wá. Ẹ má bínú. Ẹ da gàrí inú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò. Ṣé ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àbí ó wọnú bí ikùn ẹni tí ebi ń pa? Bó bá wọnú, ta ló lù ú? Ẹni tó ṣe kóńgò kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn kì í lù ú, wọ́n a tẹ́ páálí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn, àtàǹpàkò ni wọ́n máa ń tì bọnú rẹ̀ bí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin òṣùwọ̀n ní 1974, ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí òǹtẹ̀ ìjọba nídìí kóńgò kankan l'Ọjà'ba.

Ẹni tó bá rò pé ọgbọ́n tuntun lèyí, ó ṣì í. Ìlú kan wà nínú Àlùkùráánì tó jẹ́ pé ọgbọ́n yìí ni wọ́n fi ń jẹun. Madiyani lorúkọ rẹ̀, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Lárúbáwá, lójú ọ̀nà tí àwọn oníràkúnmí ń kó ọjà gbà. Ọlọ́hun rán Ànábì Ṣuaibu sí wọn. Kì í ṣe àlejò o, arákùnrin wọn ni Kùránì pè é. Ìtàn rẹ̀ wà nínú Súrà keje àti Súrà kọkànlá, ẹni tó bá lè kà á kó lọ kà á. Ìlú yìí kan náà ni Ànábì Musa sá lọ nígbà tó kúrò ní Íjíbítì, tó fi ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá sìn ín fún bàbá àgbà kan nítorí ìyàwó. Àwọn àfáà kan ní Ṣuaibu ni bàbá náà, ṣùgbọ́n Kùránì kò dárúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́jà.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu nìyí. Ṣuaibu ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ sin Ọlọ́hun kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e lẹ́nu rẹ̀, kò jìnnà rárá, òṣùwọ̀n ni. Kí wọ́n má dín in kù. Ó tún ní òun rí wọn pé nǹkan rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ìyẹn ni pé kì í ṣe ebi ló ń tì wọ́n. Wọ́n ní, wọ́n sì tún ń dín.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, "Ó dáa, àwọn ni nǹkan rọ̀ lọ́rùn, àwa ńkọ́?" Òótọ́ ni. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó ọkọ̀ tó ń gbé gàrí wá láti oko nìkan tó láti sọ èèyàn di oníṣirò òru. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a.

Kí ni àwọn ará Madiyani fi dá a lóhùn? Wọ́n bi í pé ṣé ìrun tó ń kí ló wá ń pàṣẹ pé kí àwọn fi ohun tí bàbá àwọn ń sìn sílẹ̀, kí àwọn má sì lè fi owó àwọn ṣe bó ṣe wu àwọn. Wọ́n tún fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní òun nìkan ni onísùúrù, òun nìkan ni ọlọ́gbọ́n. Ẹ ò rí i bó ṣe jọ tiwa? "Alájà, mọ́ṣáláṣí yàtọ̀, ọjà yàtọ̀." Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti gbọ́ ọ ní òjìji Mọ́ṣáláṣí Ńlá Ọjà'ba, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ̀ tán?

Ṣuaibu fèsì pé òun kò ní kọ ohun kan fún wọn kí òun wá máa ṣe é lẹ́yìn wọn. Ó ní èyí tó bá ṣẹ́ kù fún wọn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun lẹ́yìn òṣùwọ̀n pípé ló dára fún wọn jù. Èrè kékeré ló ń sọ, èrè tí èèyàn lè kà lójú oníbàárà. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ohun tó ń wí, aláìlágbára ni lójú àwọn, bí kì í bá ṣe ti àwọn ẹbí rẹ̀, òkúta ni àwọn ì bá sọ pa á. Ó bi wọ́n léèrè bóyá ẹbí òun ló wá tóbi lójú wọn ju Ọlọ́hun lọ. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ṣì wà nílẹ̀. A ń bẹ̀rù ìyálọ́jà, a ń bẹ̀rù àwọn agbowó-orí. Ta la bẹ̀rù nínú wọn tó jẹ́ torí kóńgò?

Ìgbẹ̀yìn wọn kò dára. Ilẹ̀ mì, igbe kan sọ, ilẹ̀ mọ́ bá wọn ní ìdojúbolẹ̀ nínú ilé wọn. Mo fẹ́ sọ ohun kan síbí. Nígbà tí Ògùnpa kún ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, tí Omíyalé gbé òkú àti ilé lọ n'Ìbàdàn, àwọn kan ń sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó kú ni. Èmi ò bá wọn sọ ọ́. Ọmọ ọwọ́ tó bómi lọ, kóńgò wo ló lù? Ìtàn Ànábì, kí a fi wo ìdí kóńgò tara wa ni, kì í ṣe òkú ẹlòmíràn.

ÈNÌ ORÍ ÈWO?

Súrà kẹtàlélọ́gọ́rin nínú Kùránì, àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó ṣàpèjúwe wọn: bí wọ́n bá ń gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n á ní kó kún, bó bá di pé kí àwọn náà wọ̀n fúnni, wọ́n á gé e. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń mi àpò gàrí lọ́wọ́ ará oko, tí a ó ní kó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó lè ki, kó tún bu sí i. Nígbà tó bá kan tiwa, a ó rọra dà á sínú kóńgò kó má baà ki.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ènì. Ẹ lu ìdí kóńgò wọnú, ẹ yọ ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta. Ẹ wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e lórí, "Ènì rẹ rèé o, torí pé oníbàárà mi ni ẹ́." Oníbàárà ń dúpẹ́, ó ń gbàdúrà fún yín. Ẹrù tirẹ̀ ni ẹ fi ta á lọ́rẹ!

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má fi àwọn ìyá yín rẹ́rìn-ín. Alágbẹ̀dẹ ni Ànábì Dauda. Súrà kẹrìnlélọ́gbọ̀n sọ pé Ọlọ́hun rọ irin fún un, ó ní kó fi ṣe ẹ̀wù ogun, kó sì wọn àwọn òrùka rẹ̀ dáadáa. Ẹ ronú sí i. Bí òrùka kan bá fẹ̀ jù, ibẹ̀ ni ọ̀kọ̀ máa gbà wọlé, ẹni tó sanwó ló máa kú. Ànábì Muhammadu fi Dauda ṣe àpẹẹrẹ, ó ní kò sí oúnjẹ tó dára ju èyí tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹ. Télọ̀ tó gba ọ̀pá mẹ́fà tó fi mẹ́rin àbọ̀ rán an, mẹkáníìkì tó fọ ògbólógbòó tó ní tuntun lòun rà, ẹ̀yin náà ní kóńgò tiyín.

Ànábì Yusufu ńkọ́? Nígbà ìyàn ilẹ̀ Íjíbítì, òun ló wà nídìí ọkà. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jù ú sí kànga wá rà, wọn ò dá a mọ̀, òun dá wọn mọ̀. Kóńgò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bi í. Ó wọ̀n ọ́n kún fún wọn, ó ní kí wọ́n wò ó bí òun ṣe ń wọ̀n ọ́n pé, ó tún ní kí wọ́n dá owó wọn padà sínú ẹrù wọn ní ìkọ̀kọ̀.

KÓŃGÒ ÌYÁ MI

Ẹ jẹ́ n tú àṣírí ara mi wàyí. Lọ́dún 1984 tí gàrí wọ́n bí ojú, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Ìyá mi ń ta gàrí àti èlùbọ́ nítòsí Bẹẹrẹ. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti lu ìdí kóńgò tiwọn, nítorí náà iye tí wọ́n ń pè kò gòkè, oníbàárà ń ya sọ́dọ̀ wọn. Kóńgò ìyá mi tẹ́ pẹrẹsẹ, iye tirẹ̀ ló ga. Gàrí ń sùn, ó ń jí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó fún mi ní kóńgò àti owó, ó ní kí n gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ kan ní ìsàlẹ̀ Màpó. "Sọ fún un pé kó ṣe é bíi tàwọn yòókù." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alágbẹ̀dẹ kò bi mí ní nǹkan kan. Òòlù mẹ́ta, ó parí.

Ọjà yá. N ò ní parọ́ fún yín, ọjà yá gan-an, a jẹ ẹran lóṣù yẹn.

Oṣù kẹfà ni ààwẹ̀ bọ́ sí lọ́dún náà. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí a máa ń jókòó sí ibi wáàsí, àfáà dé orí ìtàn Ṣuaibu. Ìyá mi kò gbé ojú sókè. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó ní kí n dúró, ó lọ bá àfáà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Àfáà, bí mo bá fi èyí tó pé tà, ta ló máa rà á lọ́wọ́ mi?" Àfáà ò sọ pé oníbàárà á pọ̀ sí i. Ó ní, "Ìyá wa, ó lè dín o." Ó wá ní kó tún kóńgò ṣe, kó sì san èyí tó ti yọ padà: àwọn tó bá mọ̀, kó gbé e fún wọn, àwọn tí kò mọ̀, kó fi ṣe sàráà ní orúkọ wọn.

Mo tún gbé kóńgò lọ ìsàlẹ̀ Màpó. Alágbẹ̀dẹ tún gbowó. Ìdí rẹ̀ kò tọ́ tán mọ́, irin tí wọ́n bá ti lù kì í gbàgbé. Ìyá mi wá ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé gbogbo èyí tó bá wọ̀n. Kò pè é ní ènì. Oníbàárà dín lóòótọ́, àwọn kan ò padà wá títí tó fi kúrò lójú ọjà. Ẹran náà dín nínú ọbẹ̀.

Oníbàárà tó mọ̀ jù nínú àwọn tó ṣẹ́ kù ni ìyá kan tó ń ta èbà fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, ìyá mi di gàrí, èmi ni mo rù ú lọ. Mo kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, ìyá mi ní èyí tó yẹ kó ti dé ọ̀dọ̀ yín rèé." Ó wò mí títí.

"Mo ti mọ̀ tipẹ́," ó ní. "Ẹni tó ń ro èbà lójoojúmọ́, ṣé kò ní mọ̀? Kí lo rò pé mo ṣe?" Ó mú igbákọ kékeré kan jáde lẹ́yìn ìkòkò, ó fi hàn mí. "Èyí ni mo fi ń bù ú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ló jẹ ẹ́ ní jíjẹ ìyà, kì í ṣe èmi."

Ó jù ú sí kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé kóńgò tirẹ̀ jáde, ó sì wọn gàrí ìyá mi lójú mi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí tó fi pé.