Ìmọ́lẹ̀ Tí Ń Kápá Kòkòrò Inú Afẹ́fẹ́

Bí ọmọ kan bá ń wúkọ́ ní kíláàsì, kì í pẹ́ kárí. Inú èémí wa ni fáírọ́ọ̀sì ń gbà rìn. Ǹjẹ́ ìmọ́lẹ̀ lè kápá rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìtànṣán ultraviolet, tí ojú kò lè rí, a máa bà á jẹ́ débi tí kò fi ní lè bí sí i mọ́.

Ní Amẹ́ríkà, William Wells àti aya rẹ̀ Mildred gbé iná yìí kọ́ sókè nínú kíláàsì ní agbègbè Philadelphia. Nígbà tí èéyi jà níbẹ̀ ní 1941, àwọn ọmọ kíláàsì oníná kò kó o tó àwọn yòókù. Òkè ni wọ́n gbé e sí, nítorí irú rẹ̀, nanometer 254, a máa ta ojú, a sì máa jó awọ.

Lóde òní, irú mìíràn wà, nanometer 222. Òkú awọ òkè ara àti omi tó bo ẹyinjú ni í dá a dúró, kì í wọlé jìn. Ní 2020, David Brenner àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia ṣírò rẹ̀ pé, láì kọjá ìwọ̀n tí òfin gbà, yóò sọ ìdá 90 nínú 100 fáírọ́ọ̀sì kòrónà tí ń fa ọ̀fìnkìn di aláìlágbára láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 8.

Síbẹ̀, ẹ má ra iná tí ẹ kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ kí ẹ tàn án sórí ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ ṣí fèrèsé. A kì í san owó rẹ̀.