Ìyá Àgbà Orí Bẹ́ńṣì: Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́jú Ìrònú ní Hárárè

Lọ́dún 2005, Dixon Chibanda, dókítà ọpọlọ ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, ń retí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ti ń tọ́jú bọ̀. Kò rí i. Nígbà tó yá ni ìyá ọmọ náà fi tó o létí pé ọmọ ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Dókítà béèrè ìdí tí wọn kò fi tètè gbé e wá sí ọsibítù. Ìyá ní àwọn kò rí owó ọkọ̀. Dọ́là 15 lowó ọ̀hún.

Ẹni tó bá ti gbé aláìsàn láti abúlé wá sí ìlú ńlá rí yóò mọ bí èsì yẹn ṣe wúwo tó. Chibanda ti sọ ọ́ ní gbangba pé ikú yìí ló yí iṣẹ́ òun padà. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ló ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀: dókítà á jókòó sí ọ́fíìsì, aláìsàn á wá bá a níbẹ̀. Àwọn dókítà ọpọlọ tó wà ní gbogbo Zimbabwe nígbà náà kò sì tó ogún, fún orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 12.

Ó pinnu láti gbé ìtọ́jú lọ sí Mbare, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Hárárè. Kò sí owó. Kò sí nọ́ọ̀sì tí wọ́n lè yọ̀ǹda fún un, kò tilẹ̀ sí yàrá kan tó ṣófo nínú ilé ìwòsàn. Ohun tí wọ́n rí fún un lọ́dún 2006 ni ìyá àgbà 14, tí wọ́n ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ṣe ìlanilọ́yẹ̀ lórí ìlera. Ambuya utano làwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Bí wọ́n ṣe gbé bẹ́ńṣì onígi sí ìta nìyẹn, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ìyá yìí ló kọ́kọ́ kọ́ dókítà lẹ́kọ̀ọ́. Ó fẹ́ fi orúkọ àìsàn ọpọlọ pe bẹ́ńṣì náà. Wọ́n ní tó bá pè é bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní jókòó síbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Chigaro Chekupanamazano, ìjókòó tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ jomi toro ọ̀rọ̀. Wọn ò pe àìsàn náà ní orúkọ òyìnbó. Kufungisisa ni wọ́n ń pè é ní èdè Shona, ìyẹn àròjù. Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ níbí. "Ṣé o ò ní jẹ́ kí ìrònú yìí pa ọ́ báyìí?" Ta ni ìyá rẹ̀ kò tíì bi ní ìbéèrè yẹn rí?

Ìbéèrè 14 ni ìyá àgbà fi ń bẹ̀rẹ̀, ní èdè Shona, Zimbabwe gan-an ni wọ́n sì ti ṣètò wọn. Ṣé o ń rí oorun sùn? Ṣé ẹkún ń gbọ̀n ọ́? Ṣé ó ti wá sí ọ lọ́kàn láti pa ara rẹ? Ẹni tí ewu bá wà lórí rẹ̀, wọ́n á fà á lé àwọn elétò ìlera lọ́wọ́. Àwọn yòókù lè wá jókòó tó ìgbà mẹ́fà. Olúwarẹ̀ á tú gbogbo ẹrù ọkàn rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà á fúnra rẹ̀ mú ìṣòro kan tó fẹ́ kọ́kọ́ dojú kọ. Ìyá àgbà kì í bá a yàn án.

Ibẹ̀ ni mo rò pé iṣẹ́ náà ti le jù fún àgbàlagbà. Láàárín wa, tí obìnrin bá gbé ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ wá, kó tó sọ ọ́ dé ìdajì ni àgbà á ti ní, "Padà sílé, lọ fara dà á." Ìdájọ́ nìyẹn, kì í ṣe ìmọ̀ràn. Ìyá orí bẹ́ńṣì gbọ́dọ̀ pa ẹnu mọ́, kó gbọ́ ọ tán. Ará àdúgbò ni, kì í ṣe àlejò tó ń kọ nǹkan sínú fáìlì. Ó mọ ohun tí éèdì àti ìṣẹ́ ti fojú Mbare rí, ọ̀la náà ni wọ́n á sì tún pàdé lọ́jà. Àjọṣe yìí gan-an ni oògùn.

Ẹ̀rí sì wà. Lọ́dún 2016, ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà, JAMA, gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ènìyàn 573 ní ilé ìwòsàn 24 ní Hárárè. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, bí àádọ́ta ló ṣì ní àmì ìsoríkọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jókòó ti ìyá àgbà, bíi 14 ni.

Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Láti ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ọsibítù ọpọlọ Aro, l'Abẹ́òkúta, wọ̀ sí abúlé tó yí ọsibítù náà ká, pẹ̀lú ẹbí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó dùn mí pé èébú la sọ orúkọ Aro dà lónìí.

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, ìyá àgbà kò wọ́n ní wọ́ọ̀dù yín, bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ńṣì onígi kò gba owó púpọ̀. Ẹ dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, ẹ san owó iṣẹ́ wọn, kí ẹ sì gbé bẹ́ńṣì náà sábẹ́ igi níwájú ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé yín.