Ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú lára mọ́tò: ṣé ó lérè?

Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí à ń gùn ní Kétu, láti Yúróòpù ló ti gba Kútọnu wọlé. Níbẹ̀, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, iyọ̀ yẹn sì máa ń mú kí irin dípẹtà.

Tí ẹnì kan bá ní òun á kun gbogbo ara mọ́tò yín lówó pọ́ọ́kú, ẹ bi í: ṣé á kọ́kọ́ ha ìpẹtà kúrò? Iṣẹ́ ibẹ̀ gan-an nìyẹn, òun ló ń gba àkókò àti owó. Tí wọn ò bá ṣe é, ìpẹtà á máa jẹ irin lọ lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Kò ní pẹ́ tí á fi wú, tí á sì máa bó. Owó ti wọgbó nìyẹn!

Tówó ò bá tó, ibi tó bàjẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ tún ṣe dáadáa.